Ọ̀jọ̀gbọ́n Happi àti Ìwé Inú Ẹ̀jẹ̀

 

Lónìí, ọ̀rọ̀ wa dá lórí ọkùnrin kan tí ó ń ka ìwé tí ojú lásán kò lè rí. Ìwé náà kò sí nínú àpótí, kò sì sí nínú àpò. Inú ẹ̀jẹ̀ ni ó wà. Orúkọ ọkùnrin náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi. Ọmọ ilẹ̀ Kamẹrúùnù ni, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Yorùbá ni ó ti ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ kà á títí dé òpin, nítorí iṣẹ́ òun àti ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan ẹnikẹ́ni tí ó bá ń ta gàrí tàbí àgbàdo ní ọjà Arzèkè, ó sì kan ẹni tí ó bá ń rà á.

ÀPÒ TÍ Ó Ń RÌNRÌN-ÀJÒ

Ẹ mọ ọjà Arzèkè ní Parakou. Orúkọ rẹ̀ jọ "àrísìkí" tí àwa náà ń sọ, ọrọ̀ sì ni ènìyàn ń wá lọ síbẹ̀. Bàrìbá wà níbẹ̀, Dendi wà níbẹ̀, Fúlàní, Fọ̀n àti Yorùbá wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àgbàdo, ẹ̀wà, gàrí àti iṣu gbígbẹ ń ti abúlé wá. Àwọn oníṣòwò ń ti Nàìjíríà wá, àwọn mìíràn ń ti Nijẹ́ẹ̀ àti Togo wá.

Níbi tí àpò oúnjẹ bá ń lọ, eku náà ń fẹ́ bá a lọ. Níbi tí ènìyàn púpọ̀ bá sì ti pàdé, àìsàn lè ti ara ẹnìkan bọ́ sí ara ẹlòmíràn. Nígbà tí àìsàn burúkú bá bẹ́ sílẹ̀, ìbéèrè tí ó kọ́kọ́ ń ti ẹnu wa jáde ni pé: "Ta ni ó gbé e wá?" Ìbéèrè náà dára. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ìbínú dáhùn rẹ̀, àlejò ni a máa ń nàka sí. A ó ní, "Ará òkè ọ̀hún ni. Ẹni tí ó sọdá ibodè ni."

Ẹ jẹ́ kí a wo bí àwọn tí ó lè ka ìwé inú ẹ̀jẹ̀ ṣe ń dáhùn ìbéèrè yìí.

LẸ́TÀ MẸ́RIN PÉRÉ

Ẹ̀yin tí ẹ ti parí ìwé kìíní mọ̀ pé lẹ́tà 25 ni a fi ń kọ èdè Yorùbá. Lẹ́tà 25 yìí ni a fi ń kọ orúkọ, owó orí, ìwé ìfẹ́ àti ìwé ìkìlọ̀.

Ohun gbogbo tí ó ní ẹ̀mí náà ní ìwé tirẹ̀ nínú ara: ènìyàn, ewúrẹ́, iṣu, ẹ̀fọn. Lẹ́tà 4 péré ni a fi kọ ìwé yìí. Àwọn onímọ̀ ń pè wọ́n ní A, C, G àti T. Ìwé yìí ni ó ń sọ fún ara bí yóò ṣe rí àti bí yóò ṣe ṣiṣẹ́. Òun ni ó mú kí ọmọ jọ bàbá àti ìyá rẹ̀. Ìwé inú ara ènìyàn tó nǹkan bí 3,000,000,000 lẹ́tà.

Kòkòrò tí ó ń fa àìsàn náà ní ìwé. Àwọn kan wà tí wọ́n kéré gan-an tí a ń pè ní fáírọ́ọ̀sì. Ìwé tiwọn kúrú. Ìwé fáírọ́ọ̀sì ibà Lassa kò ju nǹkan bí 10,700 lẹ́tà lọ.

Nígbà tí fáírọ́ọ̀sì bá ń pọ̀ sí i, ńṣe ni ó ń da ìwé rẹ̀ kọ. Ẹ sì mọ bí ọ̀rọ̀ àdàkọ ti rí. Ká ní olùkọ́ kọ gbólóhùn kan sí ojú pátákó. Àbẹ̀ní dà á kọ, ṣùgbọ́n ó kọ "owo" níbi tí ó yẹ kí ó kọ "ọwọ́". Sùlé kò rí pátákó dáadáa, ó wo ìwé Àbẹ̀ní. "Owo" ni òun náà kọ, ó sì tún fi àṣìṣe tirẹ̀ kún un. Dàda wo ìwé Sùlé, ó kó àṣìṣe méjèèjì. Bí olùkọ́ bá gba ìwé wọn, kò nílò ẹni tí yóò ṣòfófó fún un. Àwọn àṣìṣe náà ni yóò sọ ẹni tí ó wo ìwé ta ni.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn onímọ̀ ṣe ń ṣe. Wọ́n á ka ìwé fáírọ́ọ̀sì inú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn kan, wọ́n á ka ti aláìsàn mìíràn, wọ́n á fi wọ́n wé ara wọn. Àwọn tí àṣìṣe wọn jọra, ìdílé kan náà ni wọ́n. Àwọn tí ó yàtọ̀ púpọ̀, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti pínyà. Bí wọ́n bá mọ iye àṣìṣe tí ó máa ń wọlé lọ́dún, wọ́n tún lè ṣírò iye ọdún tí ìdílé méjì ti pínyà. Iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Happi ń ṣe nìyí.

NÍGBÀ TÍ NIVAQUINE KÒ RÀN Á MỌ́

Happi kàwé ní fásitì ìlú Yaoundé ní Kamẹrúùnù. Èdè Faransé ni wọ́n ń lò jù níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ti Bẹ̀nẹ̀ wa níbí. Lẹ́yìn náà ni ó wá sí Fásitì Ìbàdàn láti gba oyè gíga. Ibà tí ẹ̀fọn ń fà ni ó kọ́kọ́ gbájú mọ́.

Ẹ̀yin àgbà kò ní gbàgbé Nivaquine, oògùn ibà kíkorò nì, tí orúkọ rẹ̀ kejì ń jẹ́ chloroquine. Ní ayé ọjọ́un, bí ara ọmọ bá gbóná, òun náà ni. Nígbà tí ó yá, a fún ọmọ lóògùn, ara rẹ̀ kò tutù. Àwọn kan ní ayédèrú ni wọ́n ń tà. Àwọn kan ní àjẹ́ ni.

Ní Ìbàdàn, Happi àti àwọn ọ̀gá rẹ̀, bí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayoade Oduola àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Akintunde Sowunmi, gba ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ tí ibà ń ṣe. Wọ́n ka ìwé kòkòrò ibà tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ náà. Wọ́n rí i pé lẹ́tà ti yí padà ní àwọn ibì kan nínú ìwé náà, àti pé kòkòrò tí ó ní ìyípadà yìí ni chloroquine kì í sábà lè pa. Oògùn gidi ni ìyá ọmọ rà. Kòkòrò ni ó ti yí padà.

Ní ọdún 2005, ìjọba Nàìjíríà fi oògùn tuntun rọ́pò chloroquine fún ìtọ́jú ibà. Ẹ̀rí irú èyí, láti ọ̀pọ̀ ilé àyẹ̀wò, wà lára ohun tí ó mú kí wọ́n pàrọ̀ oògùn.

Happi tún lọ ṣiṣẹ́ ní Fásitì Harvard ní Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ni ó lọ bẹ́ẹ̀ tí kò padà mọ́. Òun padà sí Nàìjíríà.

ÌLÚ LASSA, ỌDÚN 1969

Ẹ jẹ́ kí a padà sẹ́yìn díẹ̀. Lassa jẹ́ orúkọ ìlú kan ní Borno ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Ní oṣù kìíní ọdún 1969, àìsàn kan kọlu nọ́ọ̀sì kan tí ó ń jẹ́ Laura Wine ní ilé ìwòsàn ìjọ tó wà níbẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí Jos, ó kú síbẹ̀. Charlotte Shaw, nọ́ọ̀sì tí ó tọ́jú rẹ̀, kú pẹ̀lú. Nọ́ọ̀sì kẹta, Lily Pinneo, kó o, wọ́n sì fi ọkọ̀ òfuurufú gbé e lọ sí Niu Yọ́ọ̀kì. Orí yọ ọ́. Jordi Casals, onímọ̀ tí ó yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ní Amẹ́ríkà, kó àìsàn náà. Omi ara ẹ̀jẹ̀ Pinneo, tí ó ti ye àìsàn náà, ni wọ́n fà sí i lára tí ó fi là.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n mọ̀ pé eku kan, tí ọmú rẹ̀ pọ̀, ni ó ń gbé fáírọ́ọ̀sì náà kiri. Kì í pa eku náà. Ó wà nínú ìtọ̀ rẹ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀.

Ẹ kíyè sí ohun kan nínú ìtàn yìí. Ilẹ̀ wa ni àìsàn ti ṣe ènìyàn, ṣùgbọ́n òkè òkun ni ẹ̀jẹ̀ ní láti lọ kí a tó mọ orúkọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà mìíràn, èsì á dé, wọ́n á ti sin aláìsàn. Ní ọdún 2008, ilé ìwòsàn ńlá ti Irrua ní ìpínlẹ̀ Edo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àyẹ̀wò ibà Lassa fúnra rẹ̀. Àwọn onímọ̀ láti Jámánì ràn án lọ́wọ́, Happi náà sì bá àwọn dókítà ibẹ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀.

OHUN TÍ Ẹ̀JẸ̀ ARÁ ÌBÀDÀN SỌ

Ní ọdún 2002, àwọn onímọ̀ ayé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ńlá kan láti fi ìwé inú ara àwọn ènìyàn ayé wé ara wọn. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ní Ṣáínà, ní Jàpáànù, ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì gba ti Yorùbá ní Ìbàdàn. Ará Ìbàdàn 90 ni ó wà nínú rẹ̀, ìdílé 30: bàbá, ìyá àti ọmọ kọ̀ọ̀kan.

Ní ọdún 2007, obìnrin onímọ̀ kan tí ó ń jẹ́ Pardis Sabeti, tí ó wà ní Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kà nínú ìwé àwọn Yorùbá wọ̀nyí pé àwọn ìyípadà kan ti tàn kálẹ̀ kíákíá láàrin wa. Ọ̀kan nínú wọn wà níbi tí ó kan ilẹ̀kùn tí fáírọ́ọ̀sì Lassa máa ń gbà wọ inú ara. Wọ́n fura pé bóyá ó ti pẹ́ tí àìsàn yìí ti ń bá àwọn baba ńlá wa jà, tí àwọn tí ara wọn lè gbà á sì bí ọmọ púpọ̀ ju àwọn tí ó pa lọ. Ìfura ni, wọ́n ṣì ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n ó mú kí Sabeti àti Happi pawọ́ pọ̀.

Ní ọdún 2015, àwọn méjèèjì àti ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ èsì kan jáde. Wọ́n ti ka ìwé fáírọ́ọ̀sì Lassa tí ó tó nǹkan bí 200, láti ara aláìsàn àti láti ara eku, ní Nàìjíríà àti ní Sierra Leone. Wọ́n ka àṣìṣe inú wọn, wọ́n ṣírò. Ìdílé tí ó dàgbà jù wà ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Nàìjíríà lónìí, ó sì ti lé ní 1,000 ọdún níbẹ̀. Ní nǹkan bí 400 ọdún sẹ́yìn ni ó jáde lọ sí àwọn ilẹ̀ mìíràn ní ìwọ̀-oòrùn. Nítorí náà, àìsàn tí ayé rò pé ó bẹ̀rẹ̀ ní 1969 ti wà láti ayé àwọn baba ńlá wa. Orúkọ ni kò ní.

ỌDÚN EBOLA

Ní oṣù keje ọdún 2014, ọkùnrin kan tí ó ti Liberia wá, Patrick Sawyer, bọ́ sílẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú Èkó pẹ̀lú àìsàn lára. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fura, wọn kò jẹ́ kí ó jáde ní ilé ìwòsàn wọn. Ilé àyẹ̀wò méjì ní Nàìjíríà yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò: ti fásitì ìṣègùn Èkó àti ti Happi ní Redeemer's University. Kò pẹ́ rárá tí wọ́n fi mọ̀ pé Ebola ni.

Ẹ ro ohun tí ìbá ṣẹlẹ̀ bí ẹ̀jẹ̀ náà bá ní láti kọ́kọ́ lọ sí òkè òkun. Nítorí pé èsì yá, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tètè wá gbogbo ẹni tí ó fara kan aláìsàn náà. Ènìyàn 20 ni ó kó o ní gbogbo Nàìjíríà, 8 kú. Dókítà Adadevoh wà nínú àwọn tí ó kú. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Ebola ti kúrò ní Nàìjíríà.

Ní ọdún kan náà, Happi wà lára àwọn tí ó ka ìwé fáírọ́ọ̀sì Ebola tí ó ń jà ní Sierra Leone. Àwọn lẹ́tà náà fi hàn pé láti ara ènìyàn sí ara ènìyàn ni ó ń lọ níbẹ̀, kì í ṣe pé ó ń ti ara ẹranko bọ́ sí ara ènìyàn lọ́tun lọ́tun. Èyí jẹ́ kí wọ́n mọ ibi tí ó yẹ kí wọ́n dí. Iṣẹ́ náà ná wọn ní ẹ̀mí. Márùn-ún nínú àwọn tí ó ṣe é ni Ebola pa kí èsì tó jáde, Dókítà Sheik Humarr Khan ti ìlú Kenema sì wà lára wọn.

ILÉ ÀYẸ̀WÒ NÍ ẸDẸ

Ní ìlú Ẹdẹ, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ni Happi kọ́ ibùdó ìmọ̀ yìí sí, ní Redeemer's University. Bánkì Àgbáyé ràn wọ́n lọ́wọ́. ACEGID ni wọ́n pè é nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 2014. Ọ̀jọ̀gbọ́n Onikepe Folarin, ìyá kan tí òun náà jẹ́ onímọ̀ ẹ̀jẹ̀ àti àrùn, wà lára àwọn tí ó gbé e ró. Wọ́n ti kọ́ ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ níbẹ̀, láti oríṣiríṣi ilẹ̀ Áfíríkà.

Nígbà tí kòrónà wọ Nàìjíríà ní òpin oṣù kejì ọdún 2020, Ẹdẹ ni wọ́n ti ka ìwé fáírọ́ọ̀sì náà, tí ó tó nǹkan bí 30,000 lẹ́tà. Kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ tí wọ́n fi kà á. Òun ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tí ilé àyẹ̀wò ní Áfíríkà kà, tí ó sì fi han gbogbo ayé.

TANGUIÉTA ÀTI TCHAOUROU

Ó wá kan ilé wa. Ní òpin ọdún 2014, àìsàn kan bẹ́ sílẹ̀ ní agbègbè Tanguiéta. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2016, ó tún bẹ́ sílẹ̀ ní apá Tchaourou, níbí ní Borgou. Ibà Lassa ni. Nínú ìgbà méjèèjì, àyẹ̀wò fi hàn pé ó mú ènìyàn 20. Ènìyàn 10 kú nínú wọn.

Kí ni ó fà á tí ó fi pa ìdajì? Ọ̀kan nínú ìdí rẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tí ó ka Bẹ̀nẹ̀ mọ́ àwọn ilẹ̀ tí Lassa wà. Wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n. Kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n, ó ti ran àwọn mìíràn.

Ọmọ Bẹ̀nẹ̀ kan, Ọ̀jọ̀gbọ́n Anges Yadouleton, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Faransé, ka ìwé fáírọ́ọ̀sì náà. Wọ́n tẹ èsì wọn jáde ní ọdún 2020. Kí ni wọ́n rí? Lẹ́tà rẹ̀ jọ ti aláìsàn kan tí wọ́n rí ní Togo ní ọdún 2016. Ó yàtọ̀ gidigidi sí àwọn ìdílé Lassa yòókù tí a ti mọ̀, ti Nàìjíríà pẹ̀lú. Ìdílé tuntun ni. Èyí túmọ̀ sí pé fáírọ́ọ̀sì náà ń gbé ní ilẹ̀ wa. Kì í ṣe oníṣòwò kan ni ó gbé e sí ẹ̀yìn àpò sọdá ibodè wá bá wa.

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ wá létí. Bí a bá lé gbogbo àlejò kúrò ní Arzèkè lọ́la, eku tí ó wà nínú àká wa yóò ṣì wà níbẹ̀.

Èyí kò sọ pé àìsàn kì í sọdá ibodè. Ó ń sọdá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2018, àwọn kan ti ìpínlẹ̀ Kwara ní Nàìjíríà wá gba ìtọ́jú ní Parakou, wọ́n sì bá Lassa lára wọn. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a máa ka ìwé àìsàn náà ní gbogbo ìgbà tí ó bá dé, kí a tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.

OHUN TÍ A LÈ ṢE

A kò ní ẹ̀rọ tí wọ́n ní ní Ẹdẹ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tiwa wà.

Ẹ tọ́jú gàrí, èlùbọ́, àgbàdo àti ẹ̀wà sínú ike tàbí agolo tí ó ní ìdérí tí ó dé dáadáa. Bí ẹ bá sá gàrí tàbí iṣu sí ìta, ẹ má jẹ́ kí ó sun ìta.

Ẹ dí ihò eku nínú ilé, nínú ìsọ̀ àti nínú àká. Ẹ má jẹ́ kí ilẹ̀ dọ̀tí sí ẹ̀yìn ìsọ̀. Oúnjẹ tí eku bá ti fẹnu kàn, ẹ má tà á, ẹ má sì jẹ ẹ́. Ẹ má fi ọwọ́ lásán kó òkú eku.

Ibà Lassa máa ń bẹ̀rẹ̀ bí ibà lásán: ara gbígbóná, àárẹ̀, orí fífọ́, ọ̀nà ọ̀fun dídùn. Bí ẹ bá ti lo oògùn ibà tí ara kò sì tutù, ẹ má dúró sílé, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn. Oògùn kan wà tí wọ́n ń lò fún un, ó sì ń ṣiṣẹ́ jù bí ènìyàn bá tètè dé. Ẹ má fi ọwọ́ lásán kan ẹ̀jẹ̀, èébì tàbí ìtọ̀ aláìsàn.

Bí òṣìṣẹ́ ìlera bá sì ní òun fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò, ẹ bi í léèrè ohun tí ó fẹ́ fi ṣe. Ó tọ́ kí ó ṣàlàyé. Bí ó bá ti ṣàlàyé, ẹ rántí pé ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn Tanguiéta àti Tchaourou ni ó sọ fún gbogbo ayé pé Lassa wà ní Bẹ̀nẹ̀. Láti ìgbà náà, dókítà tí ó bá rí ibà tí kò gbọ́ oògùn ní Borgou mọ ohun tí ó yẹ kí ó rò.

ÌBÉÈRÈ FÚN KÍLÁÀSÌ

1. Lẹ́tà mélòó ni a fi kọ ìwé inú ara? Ẹ kọ wọ́n sí ojú pátákó.

2. Báwo ni àṣìṣe inú àdàkọ ṣe ń fi hàn ibi tí àìsàn ti wá? Kí ẹnìkan ṣàlàyé rẹ̀ pẹ̀lú ìwé Àbẹ̀ní, Sùlé àti Dàda.

3. Kí ni ó fà á tí Ebola kò fi pa ènìyàn púpọ̀ ní Nàìjíríà ní ọdún 2014?

4. Kí ni ìwé fáírọ́ọ̀sì ti Tanguiéta àti Tchaourou sọ fún wa nípa ìbéèrè náà pé "Ta ni ó gbé e wá?"

5. Ẹ wo àká yín àti ìsọ̀ yín kí a tó tún pàdé. Níbo ni eku ń gbà wọlé? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní gbólóhùn méjì, kí ẹ sì mú un wá sí kíláàsì.